Ọkùnrin Tó Ná Bàálù

Àga ló kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹni tó jókòó lórí rẹ̀.

Òwúrọ̀ ni. Oòrùn ń gba gíláàsì wọlé sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, èrò sì tò síwájú káńtà bí eèrà tó gbóòórùn ṣúgà. Ọmọge tó jókòó sẹ́yìn káńtà náà lẹ́wà débi pé aago ara ògiri ti gbàgbé iṣẹ́ tirẹ̀, ó kàn ń wò ó ni. Ọkùnrin wa ò rí ìyẹn. Iṣẹ́ àga ló ń ṣe: òun ló ń kó fóòmù tuntun sínú àga tó ti rẹ̀, tó ń fi aṣọ bò ó, tó ń kàn án níṣòó. Ojú rẹ̀ kọjá lára ọmọge, ó lọ bà sórí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Fóòmù àga yẹn ti kú. Kì í ṣe kíkú àná. Ó ti kú, ó ti jẹrà, igi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yọ eyín síta. Ọmọge náà to ìwé ìròyìn àtijọ́ lé e lórí, ó wá jókòó sórí wọn bí adìyẹ tó sàba lórí òkúta.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ó wí. "Ẹ̀yin ló kàn. Kí la lè bá yín ṣe?"

"Àga yẹn ń gé yín jẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́?"

"Mo ní àga yẹn ń gé yín jẹ. Tẹ́ ẹ bá tún lo ọdún kan lórí ẹ̀, ẹ máa lọ ra ìdí míì."

Àwọn èrò ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọge gbójú sókè kó lè fi ojú lé e jáde, ìgbà náà ni òun gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ojú mẹ́rin pàdé. Ìyókù ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọkùnrin náà yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ọ̀fun, ó jókòó síbẹ̀, ó ní òun ò jáde mọ́.

Nígbà tó rí ohùn rẹ̀, ó sọ ohun tó gbé e wá.

"Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo rà níjọ́sí, ó ti wọ́n jù. Mo wá ná an."

"Ẹ ti sanwó ẹ̀ tán, sà."

"Mo mọ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rántí pé mi ò ná an."

Ẹ̀rín tó sọ nínú ọ́fíìsì yẹn, wọ́n ní bàálù kan tó ń kọjá lókè yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò ṣàwàdà. Látìgbà tó ti dáyé, kò tíì ra ohun tí kò ná. Ó máa ń ná abẹ́rẹ́. Ó máa ń ná omi. Nígbà tí eyín ń dùn ún, ó ná dókítà eyín títí dókítà fi yọ méjì fún un ní iye ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan péré ló ń dùn ún.

Ọmọge náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Akọ̀wé, tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó lè fi parí yẹ̀yẹ́. Ó wò ó. Ó tún un wò. Owó bàálù náà ti wálẹ̀.

Òfin kan wà ní ilé-iṣẹ́ yẹn, àmọ́ ó ń sùn ni. Bí owó bàálù bá wálẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí onítọ̀hún bá fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè, wọ́n á tún tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ ní iye tuntun, ohun tó bá ṣẹ́kù á sì máa jẹ́ kírẹ́díìtì fún un. Kì í ṣe owó tó máa mú dání lọ sílé o. Tíkẹ́ẹ̀tì míì ló lè fi rà, fún ara rẹ̀ nìkan, kí ọdún tó yí po. Òfin kejì ni pé òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ ta ẹni tí kò béèrè lólobó. Òfin kejì yìí ló kọ orin tí òfin kìíní fi ń sùn. Láti ọjọ́ tí bàálù ti ń fò, ẹnì kan ò béèrè rí, nítorí ta ni yóò sanwó tán tí yóò tún padà wá ná ọjà?

"Ó ti wálẹ̀ lóòótọ́," Akọ̀wé wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó sì ṣàlàyé kírẹ́díìtì fún un.

Ọkùnrin náà mi orí bí ẹni tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. "Mo mọ̀ pé ẹ máa gbà. Ojú yín ò jọ ojú ẹni tó le. Ẹ fi ènì sí i."

"Ènì bàálù? Ṣé kí n kán ìyẹ́ ẹ̀ kan fún yín ni?"

Kó tó di ọ̀sán, ìròyìn ti dé ìgboro pé ọkùnrin kan ná bàálù, bàálù sì gbà. Wọ́n sọ ọ́ ní Dínkù. Ẹnì kan ní kó wá bá òun ná ilé. Ìyá àgbà kan ní kó bá òun ná ọjọ́ orí òun, bóyá wọ́n á yọ ogún ọdún níbẹ̀.

Ibi tí Dínkù ń lọ jìnnà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àga ní ìlú kan lẹ́yìn òkun, ilé ìtura tuntun kan sì ti gbé iṣẹ́ fún un, àga tó pọ̀ ju ìdí tó wà láyé lọ. Ẹ̀gbọ́n ní kí àbúrò máa bọ̀. Gbogbo ohun tí Dínkù ní ló fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, àlọ nìkan. Kò ra àbọ̀, nítorí agbára rẹ̀ ò gbé e, àti nítorí pé nígbà yẹn, kò tíì sí ohun tó ń pè é padà.

Ó wá ń lọ sí ọ́fíìsì bàálù bí ẹni tó ń lọ gba oògùn.

"Dínkù, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí bàálù yìí sinmi ni?"

"Bàálù kọ́ ni mo wá wò."

"Kí wá ni?"

"Àga ni."

Nígbà míì owó á ti wálẹ̀ díẹ̀, kírẹ́díìtì rẹ̀ á fi ìka kan ga sí i. Nígbà míì owó á ti gun òkè lọ, Dínkù á sì máa bínú lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀rín. Akọ̀wé wò ó títí, àánú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe é. Ó ní, "Mi ò lè sọ nǹkan kan fún ẹni tí ò béèrè. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn àwọ̀ pupa lọ́jọ́ tí ọjà bá dùn-ún ná." Láti ọjọ́ náà, bí owó bá wálẹ̀, síkáàfù pupa á wà lọ́rùn rẹ̀. Dínkù a máa gba iwájú gíláàsì wọn kọjá láràárọ̀ tó bá ń lọ ra fóòmù. Òfin náà sọ̀rọ̀ nípa ẹnu. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọrùn.

Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n yéé pe ara wọn ní ẹ̀yin. Wọ́n kàn ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ odò lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, èèpo ẹ̀pà ga níwájú wọn tó òkè tí èèyàn lè sọnù sí.

"Ìfẹ́ mi," Dínkù wí, "ìwọ nìkan lohun tí mi ò lè ná."

"Irọ́. Tí wọ́n bá pe iye mi, wàá ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi kan kúrò kó lè dínwó."

"Iye tí wọ́n bá pè ni màá san."

"Ẹnu ẹ dùn. Bàbá mi ló máa dán an wò."

Kó tó di pé bàbá dán an wò, Dínkù ti ra àpótí ìrìn-àjò, ó ná an títí ẹni tó ń tà á fi ń nu ojú. Ó wá ku àgádágodo tó máa fi tì í. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà kejì, níbi tí àgádágodo ti rọ̀ láti òrùlé dé ilẹ̀ bí èso lórí igi. Bàbá tínínrín kan jókòó sáàárín wọn, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ nípọn tó búrọ́ọ̀ṣì bàtà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀: IYE KAN NI.

"Ẹ kú ọjà o, Bàbá. Èló ni kékeré yìí?"

Bàbá pe iye rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n san ìdajì."

"Ka ògiri."

"Mo ti kà á, sà. Ara ògiri lẹ kọ ọ́ sí, ẹ ò kọ ọ́ sọ́kàn."

"Jáde."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká pàdé láàárín—"

"Jáde, kí n tó tì ọ́ mọ́ inú àpótí tó o fẹ́ tì yẹn!"

Ohun tí bàbá yìí fi ń ṣayé ni pé kò dínwó rí. Wọ́n ní nígbà tí aya rẹ̀ wà láyé, òun náà ń san iye ara ògiri.

Ní ọjọ́ ìsinmi, Akọ̀wé mú Dínkù lọ sílé kó lọ mọ bàbá òun. Ilẹ̀kùn ilé náà ní àgádágodo débi pé kò síbi tí èèyàn lè kàn. Ara ògiri ni wọ́n kàn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, ó ń ṣí i, àlejò ì bá ti darúgbó síta. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn ṣí, ojú bàbá bọ́ sórí Dínkù.

"Ìwọ."

"Yéè," ni Dínkù wí.

"Bàbá, ṣé ẹ ti mọra tẹ́lẹ̀ ni?" Akọ̀wé béèrè.

"Ọkùnrin yìí fẹ́ gba àgádágodo mi ní ìdajì. Ní báyìí ó wá gba ọmọ mi. Àbíkẹ́yìn mi, bi í léèrè, ìdajì rẹ wo ló fẹ́, ti òkè ni àbí tìsàlẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Bàbá," Dínkù wí, ó ti dọ̀bálẹ̀ sórí àkéte ẹnu ọ̀nà.

"Ẹni tó ń ná ohun gbogbo, ọjọ́ tí aya rẹ̀ bá hu ewú, á ní ká dá díẹ̀ padà fóun." Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ họ àgbọ̀n. "Mo gbọ́ pé o fẹ́ rìnrìn àjò. O ti ra àlọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àbọ̀ ńkọ́?"

Dínkù wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ò ràn án lọ́wọ́.

"Àjò ò dùn kí onílé má relé," Bàbá wí. "Ẹni tó ra àlọ tí kò ra àbọ̀ ti fi ibi tí ilé rẹ̀ wà hàn mí. Ọjọ́ tó o bá mú àbọ̀ dání, wá. Bí o ò bá mú un dání, ó dàbọ̀."

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Títì náà pẹ́ ju ṣíṣí lọ. Àwọn méjèèjì dúró síta, wọ́n ń gbọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi tán.

"Kírẹ́díìtì mi ńkọ́?" Dínkù béèrè.

"Kò tíì tó ìlàjì àbọ̀."

"Ṣé mo lè fún ìwọ, kó o fi wá bá mi lọ́hùn-ún?"

"Orúkọ ẹ nìkan ló mọ̀."

"Mi ò wá ní lọ mọ́."

"Kó o jókòó sílé, kó o máa fojú bá bàálù lọ lókè? Dínkù, mi ò fẹ́ ọkọ tí ọrùn ẹ̀ máa wọ́." Omi ti wà lójú Akọ̀wé, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Lọ síbi iṣẹ́ ẹ. Bóyá o máa padà, ìyẹn ló kù tí mi ò mọ̀."

Ìtìjú mú Dínkù. Ó yí ọ̀nà padà. Ó ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ ra fóòmù, ọ̀nà tó gùn débi pé bàtà rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Kò wá ná bàálù mọ́.

Ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ bàálù méjì dìde sí ara wọn nítorí èrò. Èyí yọ owó, ìyẹn yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí Akọ̀wé tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó rí i, ó rò pé ẹ̀rọ ló ya wèrè. Owó bàálù ti já lulẹ̀ bí mángòrò ọjọ́ ìjì, àlọ àti àbọ̀, àmọ́ títí wọ́n á fi ti ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà nìkan ni.

Ó wé síkáàfù pupa. Ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Ọkọ̀ ń kọjá, ajá ń kọjá, Dínkù ò kọjá. Ó pè é lórí fóònù, kò gbé e. Nígbà tó di ọ̀sán, Akọ̀wé dìde, ó da ìwé ìròyìn orí àga nù, ó sì gbé àga lé orí.

Ọ̀gá rẹ̀ yọrí. "Akọ̀wé! Níbo lò ń gbé àga ilé-iṣẹ́ lọ?"

"Ara ẹ̀ ò yá, sà. Mo ń gbé e lọ rí dókítà."

Bó ṣe la ìgboro kọjá nìyẹn, ẹlẹ́wà ọmọge, síkáàfù pupa lọ́rùn, àga tó yọ eyín lórí. Bọ́ọ̀sì dúró fún un. Wọ́n ní àwọn ẹyẹ gan-an yà fún un.

Dínkù wà láàárín òkú àga ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìṣó kún ẹnu rẹ̀.

"Iṣẹ́ ni mo gbé wá," Akọ̀wé wí.

"Gbé e kalẹ̀ síbẹ̀."

"Kò ṣeé fi sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà kí wọ́n tó tilẹ̀kùn."

"Ó dáa, màá wọ̀n ọ́n." Ó mú téèpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àga, ó ń wọ̀n ọ́n bí ẹni tó fẹ́ kó má tán láéláé. Kò gbójú sókè. Akọ̀wé na ọrùn sápá ọ̀tún. Ó nà án sápá òsì. Ó nà án sókè bí àkùkọ tó fẹ́ kọ.

"Ṣé ọrùn ń dùn ẹ́ ni?"

"Rárá."

"Síkáàfù yẹn yẹ ẹ́."

"O ṣé. Pupa ni."

"Mo rí i."

"Wò ó dáadáa. Kò tíì pupa tó báyìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi."

Ìṣó bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu Dínkù, gbogbo rẹ̀. "Ṣé owó ti wálẹ̀ ni?"

"O ti béèrè o!" Akọ̀wé kígbe. "Ẹ gbọ́ o, ó ti béèrè! Gbé àga, jẹ́ ká máa sáré!"

Wọ́n sá eré náà débi pé òjìji wọn ò bá wọn dé, ó rẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Akọ̀wé jókòó sórí igi lásán, ó tún tíkẹ́ẹ̀tì àlọ kọ ní iye tuntun, ó kó ohun tó ṣẹ́kù mọ́ kírẹ́díìtì tó ti wà nílẹ̀, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àbọ̀. Ó tó.

"Ọjọ́ wo lo fẹ́ padà?" Ó béèrè bí iṣẹ́ ṣe ní kó béèrè.

"Ọjọ́ kejì tí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi bá parí."

"Ìyẹn ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e dínwó sí i. Ṣé o ò ní ná an?"

"Mi ò ní ná an. Kọ ọ́."

Lọ́jọ́ tó ń lọ, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù bàbá kọjá, takisí ń dúró níta. Dínkù gbé àpótí kalẹ̀, ó tẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ sórí káńtà. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó bó ṣe máa ń wo kọ́kọ́rọ́ tó bá fura sí.

"Àbọ̀."

"Àbọ̀ ni, sà."

Bàbá na ọwọ́ sókè, ó já àgádágodo kékeré yẹn bọ́, ó pe iye rẹ̀. Iye ara ògiri.

Òógùn tó bọ́ lójú Dínkù tó fi po sìmẹ́ńtì. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó sanwó náà, gbogbo rẹ̀.

Bàbá wo owó náà pẹ́. Ó pín in sí méjì, ó ti ìdajì padà sọ́wọ́ rẹ̀.

"Ògiri wá ńkọ́, Bàbá?" Akọ̀wé béèrè jẹ́jẹ́.

"Ògiri ò tíì fi ọmọ fọ́kọ rí," Bàbá wí, ó sì kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu àgádágodo tí kò dọ̀tí.

Inú Dínkù dùn débi pé ó fi àgádágodo náà kọ́ àpótí, ó tẹ̀ ẹ́, ó ró wáí. Takisí fọn fèrè. Wọ́n sáré jáde.

Ní pápákọ̀ bàálù, Dínkù fa Akọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo ṣe nǹkan kan fún ẹ. Inú àpótí ló wà. Dúró." Ó fọwọ́ ba àpò òsì. Ó ba tọ̀tún. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?" Akọ̀wé béèrè.

Ẹni tó ń ná ọjà a máa yẹ ọjà wò. Ó ti ra abẹ́rẹ́, omi àti àpótí láyé yìí, kò sí èyí tí kò yí padà nígbà ogún kó tó gbà á. Èyí tí kò ná nìkan ṣoṣo ni kò yẹ̀ wò. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ṣì rọ̀ sórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá.

Wọ́n pe àwọn èrò. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sunkún, èèyàn ò lè mọ èwo ni omi èwo. Dínkù gbé àpótí tó tì pa, ó lọ.

Lẹ́yìn òkun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ayùn jáde. "Jẹ́ ká gé e."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àna mi ló tà á fún mi."

"O ò láṣọ míì!"

"Ẹ yá mi."

Ẹ̀gbọ́n sanra tó yàrá. Títí iṣẹ́ fi parí, Dínkù ń rìn nínú ṣòkòtò tí ẹni mẹ́ta lè jọ gbé inú ẹ̀, ó fi okùn fóòmù so ó mọ́dìí, ó ń kan àga, ó ń fi àpótí rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí.

Ó padà. Oòrùn ń gba gíláàsì wọlé, èrò tò síwájú káńtà. Dínkù tò pẹ̀lú wọn nínú ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń ti àpótí síwájú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé iwájú. Akọ̀wé jókòó lórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́rùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ méjì rọ̀ lára rẹ̀.

"Ẹ káàsán sà," ó wí. "Ẹ̀yin ló kàn. Kí la lè bá yín ṣe?"

"Àga yẹn ṣì ń gé ẹ jẹ."

Dínkù gbé àpótí sórí káńtà. Akọ̀wé bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó tẹ̀ síwájú lórí káńtà, ó ṣí àgádágodo. Lórí aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀, tìmùtìmù kan wà níbẹ̀, fóòmù rẹ̀ ga, etí rẹ̀ gún, aṣọ tó fi bò ó pupa bíi síkáàfù. Akọ̀wé dìde, Dínkù gba ẹ̀gbẹ́ káńtà wọlé. Ó kó ìwé ìròyìn kúrò, ó tẹ́ tìmùtìmù sórí àga. Ó wọ̀ ọ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i.

Akọ̀wé jókòó. Ó ga sí i.

"Ó dáa gan-an," ó wí. "Èló ni?"

"Kó o fẹ́ mi."

"Hẹn-ẹn. Ó wọ́n o. Kò lè wálẹ̀ díẹ̀?"

"Iye kan ni," Dínkù wí.

Akọ̀wé wò ó láti orí dé ìsàlẹ̀ ṣòkòtò ńlá yẹn. Ọmọ ilé tí wọn kì í ti í ná ọjà ni. Ó na ọwọ́ fún un, ó sì san án.